Mọ́tò Tó Gba Ẹni Méjì Péré

Tí ẹ bá bèèrè ẹni tó ni mọ́tò ńlá aláwọ̀ ewé tó máa ń dúró lẹ́nu géètì ilé yẹn, wọ́n á ní ti Antí Dìde ni. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Òótọ́ ni pé orúkọ ẹ̀ ló wà nínú ìwé mọ́tò, òun náà ló sì ń ra epo sí i, àmọ́ mọ́tò gbogbo ẹbí ni. Ìjókòó méje ló wà nínú ẹ̀, kò sì sí èyí tó sinmi rí nínú méjèèje. Àbúrò ẹ̀ fi kó sìmẹ́ǹtì. Ọmọ àbúrò bàbá wọn fi kó bẹ́ẹ̀dì láti ilé tí wọ́n ti lé e lọ sí ilé tí wọn ò tíì lé e. Àwọn aládùúgbò fi kó àga lọ sípàdé, wọ́n fi gbé aboyún tó ń rọbí, wọ́n fi gbé ajá tó ń ṣàìsàn. Wọn kì í tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọ́n á kàn yọjú, wọ́n á ní, "Mọ́tò dà?" bí ẹni ń bèèrè ìgbálẹ̀.

Ogún ọdún gbáko ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti dáná sun ún tipẹ́.

Iṣẹ́ ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Ọsibítù ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá gbọọrọ kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọ lù, tàbí tí egungun wọn kán, bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Irin ìdìmú wà lára ògiri, dígí ńlá wà lápá kan, àga wà lápá kejì, èyí tó ga àti èyí tó kúrú. Láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu ẹ̀: "Ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn. Ẹ tẹ̀ síwájú. Ó yá, ẹ dìde." Ẹni tó sanra jù ú lọ ní ìlọ́po méjì á rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, á ní kò ṣeé ṣe, òun náà á ní ó ṣeé ṣe. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹni tí kò lè dìde á ti dìde, ẹni tó gbé e dìde ni kò ní lè dìde mọ́.

Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Ọkọ ẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti lọ ṣiṣẹ́ níbi tó jìnnà, ó wá ku òun àti Màámi nínú ilé. Màámi ni ìyá tó bí i, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, orúnkún ló ń dà wọ́n láàmú. Òfin iṣẹ́ Antí Dìde kò gbà kó tọ́jú ìyá ara ẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, láago méje àárọ̀, á gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn ní òdìkejì ìlú, á dúró dè wọ́n, á gbé wọn padà wálé, kó tó sáré lọ gbé ìyá ẹlòmíràn dìde.

Ó rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Ó ti máa ń rẹ̀ ẹ́ kó tó jí.

Bí ọ̀rọ̀ mọ́tò tuntun ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọkùnrin kan wà tí rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ òsì lọ́wọ́ ẹ̀, tí Antí Dìde sì bá a gbà á padà. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó mú Antí Dìde jáde síta, ó fi mọ́tò kékeré kan tó jẹ́ tiẹ̀ hàn án. Mọ́tò ọ̀hún ò ga ju àyà lọ, ìjókòó méjì péré ló ní. Ọkùnrin náà na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní kó lọ yí po díẹ̀. Antí Dìde ní òun ò ráyè, ọkùnrin náà ní òun náà ò ráyè àìsàn, àìsàn ṣáà wá. Bó ṣe wọlé sínú ẹ̀ nìyẹn. Ó jáde ní géètì, ó gba ọ̀nà gígùn tó lọ sẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì padà. Ogún ìṣẹ́jú ni. Láàárín ogún ìṣẹ́jú yẹn, kò sẹ́ni tó pè é, òun náà ò rántí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó yà ní kọ̀rọ̀ kejì, ó gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú mọ́tò, ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé òun ni.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ka ìwé nípa irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó yé e ni pé ìwúwo ni gbogbo ọ̀rọ̀. Mọ́tò tí kò bá wúwo kò nílò ẹ́ńjìnnì ńlá, o ní kó yà, ó ti yà, o ní kó dúró, ó ti dúró. Antí Dìde ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òun tí wọ́n ti gbé gbogbo ayé kà lórí, kí lẹnikẹ́ni tún fẹ́ kọ́ òun nípa ìwúwo?

Ẹni tó ń ta mọ́tò náà, gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí Kò-Sí-Wàhálà, torí pé ìdáhùn kan ṣoṣo tó ní nìyẹn. Táyà ti jẹ? Kò sí wàhálà. Bíréèkì ń ké? Kò sí wàhálà. Méjì ló ní nílẹ̀ nínú irú èyí tí Antí Dìde ń wá, búlúù kan àti pupa kan.

Ìgbádùn ni búlúù wá fún, kò sì fi bò. Ìjókòó méjì, òrùlé aláṣọ tí wọ́n ń ká sẹ́yìn, búùtù tí kò gbà ju báàgì kan lọ. Tí o bá gun òkúta kékeré, ìdí rẹ á mọ̀. Tí òjò bá rọ̀, ó di kí o máa pariwo kí o tó gbọ́ ohùn ara rẹ. Àmọ́ nígbà tí Antí Dìde wà á jáde, tó yí jíà sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ẹ̀ àti ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó gbàgbé ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Pupa náà fúyẹ́, ó sì lè sáré, ká má parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ọlọ́gbọ́n ni. Òrùlé gidi ló ní, ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí gbàgà, ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lẹ́yìn fún ọmọdé, búùtù ẹ̀ sì gba irin tí arúgbó fi ń rìn. O lè gbé e lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ kí ara má ro ọ́. Antí Dìde wà á yí ọ̀nà kan náà po. Ó dáa. Kò sóhun tó burú nínú ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó mú téèpù jáde nínú báàgì, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì ń wọn ìjókòó láti ilẹ̀.

"Màdáámù, kí lẹ ń wọ̀n?" Kò-Sí-Wàhálà bi í. "Wọ́n máa ń wo ẹ́ńjìnnì ni."

"Orúnkún ìyá mi ni mò ń wọ̀n," ni Antí Dìde dá a lóhùn.

Ti búlúù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ti pupa jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ní ibi iṣẹ́ ẹ̀, àga tó bá kúrú ju ogójì lọ, wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí orúnkún ń dùn jókòó sí i. Ó kọ iye méjèèjì sẹ́yìn ọwọ́ ẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́: èyí tó wù ú ò ní gba Màámi.

Àbúrò ẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti gbé mọ́tò ńlá. Àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní, ó ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ọ̀dà ilé. Nínú ọkàn Antí Dìde, orúkọ ẹ̀ ni Èmi-Ò-Ráyè, àmọ́ kò pè é bẹ́ẹ̀ síta rí. Màámi jókòó sórí àga oúnjẹ, wọ́n ń bó ọsàn. Antí Dìde sọ ọ̀rọ̀ mọ́tò náà fún wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò ẹlẹ́ni méjì?" ni àbúrò ẹ̀ wí. "Ní ọjọ́ orí yín?"

"Ọjọ́ orí mi ló ń rà á."

"Ti ńlá yìí wá ńkọ́?"

"Ìwọ ni màá fún."

Ojú ọkùnrin náà tàn yẹ̀yẹ̀. Ó tún rò ó lẹ́ẹ̀kejì, ojú ẹ̀ sì rẹlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Àmọ́ ta láá wá máa gbé Màámi lọ sí ilé ìwòsàn?"

"Ẹni tí mọ́tò tó gbà wọ́n bá wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Èmi? Èmi ò ráyè o. Aago mẹ́jọ ni mò ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbọ́, pupa yẹn ni kí ẹ rà. Ẹ ní ìjókòó ẹ̀ ga. Ẹ ó máa gbé Màámi bí ẹ ṣe ń gbé wọn, èmi á máa lo ti ńlá, inú gbogbo wa á dùn. Ìjókòó ẹ̀yìn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ mi á máa bá yín lọ síléèwé." Ó wá fi òwe dé e lórí. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́."

Ẹ wò ó, inú bí mi. Ẹnì kan kò tíì ra mọ́tò, wọ́n ti kún inú ẹ̀. Ohun tó yẹ kí Antí Dìde sọ ni pé orí ọmọ tuntun tí òun ti ń tún ṣe láti ogún ọdún, ọmọ ọ̀hún ti hu irùngbọ̀n. Ó ti dé ẹnu ẹ̀. Àmọ́ ó rẹ̀ ẹ́ jù láti jà. Ìjà nílò agbára, ó sì ti ná tiẹ̀ tán sára àwọn aláìsàn.

"Kò burú," ó ní. "Pupa ni màá rà."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Àbúrò ẹ̀ gbé kọ́kọ́rọ́ lórí tábìlì, inú ẹ̀ dùn. Ọ̀bẹ Màámi ń lọ yípo ọsàn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbójú sókè, wọ́n sì wo àkọ́bí wọn, wọ́n wò ó dáadáa, bí wọ́n ṣe máa ń wo ọmọ tó ní òun ò ṣàìsàn.

"Èmi ni wọ́n fẹ́ máa gbé, ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí i," wọ́n ní. "Lọ́la, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ. Mo fẹ́ jókòó sínú ẹ̀ kí o tó fọwọ́ sí ìwé."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n jọ gbé mọ́tò ńlá lọ síbẹ̀. Kò-Sí-Wàhálà ti nu pupa náà, ó ń dán. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí Màámi máa wọlé, kò sí wàhálà. Màámi fi ẹ̀yìn sún mọ́ ìjókòó, wọ́n rọra jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Antí Dìde ń wò wọ́n. Wọ́n ṣe é dáadáa, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní ilé ìwòsàn gẹ́lẹ́.

"Ẹ ò rí i?" ni àbúrò ẹ̀ wí. "Bí ẹni wọnú yàrá ara ẹ̀ ni. Ó yá, Màámi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi lọ kọ̀wé."

Màámi gbé ẹsẹ̀ jáde, wọ́n fi lé ilẹ̀. Wọn ò dìde.

"Kò ṣeé ṣe," wọ́n ní.

"Kí ni kò ṣeé ṣe?"

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Ibi tí mo jókòó sí yìí ti lọ sílẹ̀ jù."

Àbúrò ẹ̀ wo Antí Dìde. "Ẹ ní ẹ ti wọ̀n ọ́n."

Ó ti wọ̀n ọ́n. Sẹ̀ǹtímítà méjìdínláàádọ́ta. Àga oúnjẹ wọn nílé ò ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, orí ẹ̀ ni Màámi ti bó ọsàn lánàá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, orí àpótí kékeré ni Màámi jókòó sí lẹ́yìnkùlé tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sì dìde níbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ẹnì kankan ò ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ohun kan tún wà tí Antí Dìde mọ̀, tí àbúrò ẹ̀ ò lè mọ̀. Ẹni tí kò lè dìde máa ń gbìyànjú. Á fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn, á di nǹkan mú, iṣan ọrùn ẹ̀ á le, á gbé ìdí sókè díẹ̀, á sì padà jókòó. Ó ti rí i lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Ẹsẹ̀ Màámi nà jáde síwájú gbọọrọ, ọwọ́ wọn wà lórí itan jẹ́ẹ́, ojú wọn tutù. Wọn ò gbìyànjú nǹkan kan.

"Màámi," ni Antí Dìde wí, "ẹ fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn."

"Mo ní kò ṣeé ṣe."

Màámi wo ojú ẹ̀. Obìnrin tó fi ogójì ọdún na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́ pípa, wọ́n wo àkọ́bí wọn lójú korókoró, wọn ò sì ṣẹ́jú.

"Bóyá ká fi tìmùtìmù sí i," ni àbúrò ẹ̀ dábàá.

"Fi sí i, kí orí mi máa gbá òrùlé." Màámi yíjú sí i. "Búlúù yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí nínú ẹ̀. Pupa nìyí, kò gbà mí. Mọ́tò ńlá tó gbé wa wá nìkan ló gbà mí. Ta ni ẹ̀gbọ́n ẹ ní òun á fún?"

Kò-Sí-Wàhálà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀, ó wo ojú gbogbo wọn, ó gbé e mì. Àbúrò ń họ orí.

"Ọjọ́ Ajé, aago méje," ni Màámi sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń pe orúkọ ní kíláàsì. "Tí o bá pẹ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn sí àyè mi."

Ọkùnrin náà ya ẹnu láti sọ pé òun ò ráyè. Ó wo ìyá ẹ̀ tí kò lè dìde nínú mọ́tò. Ó pa ẹnu dé.

"Wá gbé mi," ni Màámi sọ fún Antí Dìde.

Antí Dìde bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn méjèèjì, ó múra ẹ̀yìn ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó gbé. Ọwọ́ ẹ̀ ò gbé nǹkan kan. Màámi dìde fúnra wọn, lórí ẹsẹ̀ ara wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n kàn fi apá lé èjìká ọmọ wọn kí àwọn tó ń wò lè rí i pé wọ́n gbé wọn. Ẹnu wọn wá wà létí ẹ̀.

"Ó ti rẹ èmi náà," wọ́n ní wúyẹ́wúyẹ́, "kí n máa wo bó ṣe ń rẹ̀ ọ́."

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Antí Dìde nílò. Kó kàn sọ pé Màámi lè dìde, ọ̀rọ̀ á ti tán, pupa á di tiẹ̀, gbogbo nǹkan á padà sí bó ṣe wà. Olóòótọ́ ọmọ ì bá sọ ọ́. Ó dúró, ó ṣì di ìyá ẹ̀ mú, ojú ń tì í, inú ẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ dá lóhùn nínú méjèèjì. Kò sọ ọ́.

Àbúrò ẹ̀ gbé Màámi padà sílé nínú mọ́tò ńlá. Antí Dìde fọwọ́ sí ìwé.

"Pupa ni, àbí?" ni Kò-Sí-Wàhálà bèèrè.

"Búlúù."

Ó ká òrùlé sẹ́yìn, ó wà á jáde. Ó yẹ kó yà sápá òsì, níbi tí ilé wà. Ó yà sápá ọ̀tún. Mọ́tò náà lọ bó ṣe ní kó lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lórí, ó sì ń retí kí ẹ̀rín ọjọ́sí wá. Kò wá. Ẹkún ló wá, kì í ṣe púpọ̀, ó ń nù ún nù pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. Síbẹ̀ kò yí padà. Tí ẹ bá fẹ́ bá a wí, ẹ kọ́kọ́ gbé èèyàn fún ogún ọdún.

Ó ti rìn jìnnà díẹ̀ kí fóònù tó dún. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Àbúrò ẹ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, a ti dé ẹnu géètì. Báwo ni mo ṣe máa gbé Màámi sọ̀ kalẹ̀?"

Antí Dìde nu ojú ẹ̀. "Ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá wọn méjèèjì," ó ní. "Má fà wọ́n lọ́wọ́. Tẹ orúnkún tìrẹ."

Ó gbọ́ tó gbé fóònù kalẹ̀. Ó gbọ́ ohùn Màámi tó ní, "Rọra, rọra, èèyàn ni mí, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì." Ó gbọ́ tí àbúrò ẹ̀ ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sinmi, tó tún bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tó padà sórí fóònù, èémí ẹ̀ ò tíì wálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mò ń gbọ́."

"Màámi mà wúwo o." Ó mí kanlẹ̀. "Báwo lẹ ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí?"

Kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí láti ogún ọdún. Antí Dìde gbé ọwọ́ lé sitiarín búlúù, ó wo ọ̀nà tó wà níwájú.

"Ó máa mọ́ ẹ lára," ó ní.